Abala Mẹ́rin ní Wákàtí Méjì

Inú máa ń tètè bí mi. Mo ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni ẹni rere inú ìtàn yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB nínú yàrá kan tí mo háyà l'Ókè Kòtò, l'Ágége, ọdọọdún sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ mí lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè mí lọ́wọ́ yìí ni Ata Rodo. Wọ́n rò pé n ò gbọ́. Mo gbọ́, n ò kàn bá wọn wí ni, torí pé orúkọ ọdún tó kọjá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olúgbénró ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Kí n tó di tíṣà, akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ n'Íkẹjà, nígbà tí irú wọn ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tì í pa, Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ nìkan ni mo gbé délé, òun náà ni mo sì fi ń jẹun títí dòní. Olùkọ́ méjì kan ń wá lópin ọ̀sẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n àlàyé nípa ìdánwò náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe pín in, iye ìbéèrè tó wà níbẹ̀, àkókò tí wọ́n ń fúnni, èmi ni mo máa ń ṣe é. N kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Sùlíyá dé ọ̀dọ̀ mi ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún márùndínlógójì, ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Uswat. Ó ti lo ọdún méjìlá ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan nítòsí Ọba Àkràn, níbi tó ti ń to bisikíìtì sínú páálí. Láti ibi iṣẹ́ ló máa ń bọ̀ tààrà, ilà tí fìlà iṣẹ́ fà sí i níwájú orí á ṣì hàn. Àwọn ọmọ kíláàsì, tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ogún ọdún lọ, ń pè é ní Ìyá Uswat, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan ò bá yé e, á ní kò yé òun, mo sì fẹ́ràn ìyẹn nínú ìwà rẹ̀.

Ohun tó gbé e wá kò ṣòroó lóye. Ní ilé-iṣẹ́ wọn, yàrá kan wà tí wọ́n ti ń yẹ bisikíìtì wò kó tó jáde, bóyá ó gbẹ dáadáa, bóyá iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Màdáàmù Adéìfẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Obìnrin yìí ti kíyè sí i pé ọwọ́ lásán ni Sùlíyá fi ń mọ bisikíìtì tí kò jinná, kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́. Ó wá ṣèlérí fún un pé bó bá lè gba igba máàkì nínú irinwó JAMB lọ́dún yìí, tó sì wọ poli láti lọ kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ, òun á gbé e kúrò nídìí páálí wá sínú yàrá náà, á máa ṣiṣẹ́, á máa kàwé. Ṣùgbọ́n ìparí ọdún ni Màdáàmù Adéìfẹ́ fúnra rẹ̀ ń fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ irú ọ̀gá tó máa rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé ìdánwò náà fún wọn, mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Abala mẹ́rin ni. Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́, dandan ni fún tọmọdé tàgbà, ọgọ́ta ìbéèrè: àyọkà tí èèyàn máa kà kó tó dáhùn, gbólóhùn tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jọra àti èyí tó takora, ìró tí wọ́n máa ní kéèyàn fi wéra. Abala mẹ́ta yòókù dúró lórí ohun tí kálukú fẹ́ lọ kọ́. Ti Sùlíyá ni Bayọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti ìṣirò, ogójì ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́sàn-án ìbéèrè, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún wọn. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni abala kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ọgọ́ta ìbéèrè ló wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ogójì.

Sùlíyá nawọ́. Ó ní ṣé ìwé mẹ́rin ni àbí ẹyọ kan, ṣé wọ́n máa ń kó wọn wá pa pọ̀ ni àbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ṣé ó mọ láìnì àwọn ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́ wọn. Ó ní báwo lòun ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Mo ya àpótí mẹ́rin sójú pátákó, mo fi ọfà so wọ́n pọ̀. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, Bayọ́lọ́jì ni ibi tí wọ́n ti ń gé e, Kẹ́mísírì ni ààrò, ìṣirò ni ìdí páálí. Bí ọ̀kan bá parí, a bọ́ sí èkejì. Bisikíìtì ò lè fo ààrò kó lọ bá páálí.

Ojú rẹ̀ là. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní ó ti wá yé òun wàyí. Inú mi dùn débi pé mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé. Mo ní kò sí tíṣà kan ní gbogbo Agége tó lè la ọ̀rọ̀ yéni tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n jẹun kó tó tutù.

Láti ìgbà náà ni Sùlíyá ti gbájú mọ́ ìwé. Kẹ́mísírì ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára, torí pé páúdà funfun tó ń mú bisikíìtì wú ni olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń rí páúdà yẹn láti ọdún méjìlá láì mọ orúkọ tí ìwé ń pè é. Ìṣirò ló ń dẹ́rù bà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra níbẹ̀, á ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yan ìdáhùn. Mo ní kò séwu, pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo fi ń dán wọn wò. Orí bébà ni mo ti ń ṣe é. Màá pín ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, màá máa wo aago ọwọ́ mi, bó bá tó àkókò, màá fi rúlà gbá tábìlì, màá ní ó yá, ẹ bọ́ sí Bayọ́lọ́jì. Màá tún gbá a, màá ní ó yá, Kẹ́mísírì. Nínú oṣù kejì, Sùlíyá gba igba lé méjìdínlógún. Mo kọ iye náà sí igun pátákó, mo sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́.

Ìgbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò gan-an dé, mọ́ọ̀kì wáyé fún ẹni tó bá fẹ́, lórí kọ̀ǹpútà, kí èèyàn lè mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí. Sùlíyá gbàyè níbi iṣẹ́, ó lọ ṣe é ní ilé ìdánwò kan níhà Maryland. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni èsì wọlé. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi níwájú kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì, méjìdínlọ́gọ́ta. Bayọ́lọ́jì, òdo. Kẹ́mísírì, òdo. Ìṣirò, òdo. Méjìdínlọ́gọ́ta nínú irinwó.

Mo ti sọ fún yín pé inú máa ń tètè bí mi. Mo ka èsì náà sókè. Mo bi í bóyá ó sùn ni, àbí wọ́n ní kó wá ka iye fáànù tó wà nínú gbọ̀ngàn. Mo ní ewúrẹ́ pàápàá, bí wọ́n bá jẹ́ kó tẹ kọ̀ǹpútà, á ṣèèṣì gba ẹyọ kan nínú ogójì. Mo wá pè é ní olódo. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín níbi ewúrẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí olódo, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Sùlíyá gba fóònù rẹ̀, ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ń kọ ohun tí mo ń kọ sójú pátákó.

Ó dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Mo rò pé ó fẹ́ wá bẹ̀ mí ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, "Sà, mo ń retí kí wọ́n pè wá."

Mo ní ta ló fẹ́ pè yín.

"Ẹni tó máa ní ká bọ́ sí Bayọ́lọ́jì."

Ó wá rọra ròyìn rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì gba òun ní wákàtí kan ó lé díẹ̀, òun sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí òun parí, òun kó ọwọ́ lé itan, òun ń dúró. Ó rí i tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tẹ nǹkan láì sinmi, ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ló le ju toun lọ, ó tiẹ̀ ń ṣàánú wọn. Ó rí orúkọ Bayọ́lọ́jì àti ti àwọn yòókù lókè ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n á ṣí fúnra wọn bó bá kàn wọ́n. Ẹni tó ń darí gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí òun gbọ́ ọ tán. Bó ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ nìyẹn títí wákàtí méjì fi pé, tí ojú kọ̀ǹpútà sì ti ara rẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí kò fi bi ẹnikẹ́ni. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nídìí láìnì kí súpáfáísọ̀ tó ní kó ṣún, wọ́n á kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí kì í ṣe tirẹ̀, ilé ló ń lọ. Wọ́n lé ẹnì kan torí ẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé láìnì ni, sà." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń jà. "Nídìí láìnì, a kì í dá ara wa ṣún."

Mo wo pátákó, mo wo rúlà tó wà lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, títí kan ìyàwó mi: n ò fojú mi rí ìdánwò yìí rí lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èmi ṣe é, pẹ́ńsù la fi ń kun ìdáhùn sórí bébà. Ìgbà tí wọ́n yí i padà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi, èmi náà á wá ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn bí ẹni tó débẹ̀. Àṣírí ò tú, torí pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí bá fóònù kò nílò kí n sọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Obìnrin tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ jù lọ nìkan ni ọ̀rọ̀ mi ṣe léṣe.

Mo ní, "Ìyá Uswat, n ò rí i rí."

"Kí lẹ ò rí rí, sà?"

"Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà yẹn. N ò débẹ̀ rí."

Ó sọ pé inú òun bàjẹ́. Ó ní kì í ṣe torí òdo, torí òdo á di nǹkan mìíràn bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ní mo pe òun ní olódo níwájú àwọn ọmọ tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí, bẹ́ẹ̀ òun ti sọ fún Uswat nílé pé tíṣà òun kì í ṣìnà. Ojú tì mí débi pé n ò mọ ibi tí mo máa kó ọwọ́ mi sí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì tó ẹni tí mo lè bí, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ má bínú. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

N ò mọ ìgbà tí "o" di "ẹ" lẹ́nu mi. Òun náà gbọ́ ọ. Ó sáré kúnlẹ̀, ó ní kí n yéé pe òun bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rù ń ba òun. A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi lórí ìdúró, òun lórí ìkúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde tàbí kó kọ́kọ́ jókòó nínú àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tún ya àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, mo sì pa wọ́n rẹ́ lójú gbogbo kíláàsì. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣi Ìyá Uswat lọ́nà, pé òun kọ́ ni olódo. Mo ní nínú ìdánwò yìí, kò sẹ́ni tó ń peni. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti abala tó bá wù ú, kó fi í sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kó tún padà síbẹ̀ tí àkókò bá ṣẹ́ kù. Abdulhakeem, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó níwájú, ní, "Sà, a mọ̀. A rò pé ẹ̀ ń ṣàwàdà ni." Ẹ̀rín pa mí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n tiwọn tún ẹ̀kọ́ mi ṣe lẹ́yìn mi, tí wọn ò sì jẹ́ kí n mọ̀.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún wa l'Ábúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sí fún àwọn tó bá fẹ́ fi JAMB dánra wò. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Divine ló ni ín, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Sùlíyá ní òun ò ní jókòó síbẹ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ jókòó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo jókòó.

Máòsì yẹn ń sá fún mi. Bí mo bá fẹ́ tẹ ìdáhùn kejì, ìkẹta ló ń mú. Divine dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Daddy, ẹ rọra, ejò kọ́ lẹ̀ ń pa. Ìka kan ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́." Nígbà tí wákàtí méjì máa fi pé, èmi tí mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún mẹ́rìndínlógún gba mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì. Divine ní kí n má ba ọkàn jẹ́, pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Sùlíyá fi etí ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Tirẹ̀ wá kàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ sí abala mìíràn ló ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo Divine, bíi pé ó ń tọrọ àyè. Ó gba ọgọ́sàn-án dín mẹ́sàn-án. Nígbà kejì tí a lọ, kò bojú wẹ̀yìn mọ́, ó gba ọgọ́sàn-án lé mẹ́ta. Nígbà kẹta, igba dín méjìlá. Ibẹ̀ ló dúró sí. Igba tí a ń wá kò yọjú, mo sì rí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kedere. Ó lè bọ́ sí abala tó wù ú wàyí, ṣùgbọ́n kò lè fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá tíì parí. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, á máa ka àyọkà lákàtúnkà, wákàtí kan á lọ, ìṣirò á wá ṣẹ́ kù láìdáhùn.

Mo mú bébà, mo bá a ṣe ìṣirò kan tó yẹ kí n ti ṣe fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọjọ́ yìí. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni wọ́n pín sára ọgọ́ta ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, ọgọ́rùn-ún kan náà ni wọ́n pín sára ogójì ìbéèrè Kẹ́mísírì. Nítorí náà, èèyàn ní láti gba ìbéèrè mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó rí máàkì márùn-ún, ṣùgbọ́n méjì péré ní Kẹ́mísírì á fún un ní márùn-ún, bákan náà ni ti Bayọ́lọ́jì àti ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù, òun náà ló ń jẹ àkókò jù, òun ni ìbéèrè rẹ̀ kò sì níye lórí tó tàwọn yòókù. Ó dùn mí láti fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ mi.

Sùlíyá wo bébà náà, ó gbà pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó yé mi, sà. Ṣùgbọ́n n ò lè rí iṣẹ́ níwájú mi kí n fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Bó bá jẹ́ pé ó ya ọ̀lẹ ni, mo mọ bí mo ṣe ń bá ọ̀lẹ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tó fi gbayì níbi iṣẹ́ fún ọdún méjìlá ló fẹ́ gba igba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni mí tí màá fi ọ̀sẹ̀ kan tó kù bọ́ ọ lára rẹ̀? Mo kàn ní kó lọ sinmi, kó sì rántí Màdáàmù Adéìfẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí, ní ilé ìdánwò kan n'Íkẹjà. Mo sìn ín débẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kéré sí i, mo sì jókòó síta lórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú àwọn òbí. Ìyá kan bi mí nípa ọmọ mi tó wà nínú ilé, mo ní ọmọbìnrin ni. Wákàtí méjì yẹn gùn ju ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Mo ń rò ó nínú ọkàn mi pé ó ti ṣí Gẹ̀ẹ́sì, ó ti dé àyọkà, ó ti ń kà á nígbà kejì. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ó ti tán, sà," ó kí mi kú ìdúró, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ kó lè bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán wọlé. Mo fẹ́ bi í, mo gbé e mì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá, kò tíì tó àkókò kíláàsì. Mo ń nu pátákó lọ́wọ́. Ó ní èsì ti wọlé. Mo nawọ́ kí n gba fóònù, kò gbé e fún mi. Ó ní òun fẹ́ kà á fúnra òun.

"Bayọ́lọ́jì, mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Mo ní kó máa bá a lọ.

"Kẹ́mísírì, márùndínlọ́gọ́ta. Ìṣirò, méjìléláàádọ́ta."

Ìṣirò tó ń dẹ́rù bà á. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó mí, ó jẹ́ àádọ́sàn-án. Ó ku ọgbọ̀n. Ọkàn mi balẹ̀, torí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba ohun tó kéré sí àádọ́ta rí.

"Gẹ̀ẹ́sì, mọ́kànlélógójì."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó kà á. Igba lé mọ́kànlá lápapọ̀, ó ti kọjá ibi tí a ń lọ, síbẹ̀ àṣà tíṣà kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀. Mo bi í ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Òun ni mo fi ṣe ìkẹyìn, sà. Ìbéèrè mọ́kànlélógún ni n ò dáhùn. Mo rí wọn. Mo mọ̀ pé bí n bá ráyè, màá gba púpọ̀ níbẹ̀. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n máa lọ." Ó sọ ọ́ bíi pé nǹkan kan bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣì ń dùn ún.

Mo jókòó. Omi ń bọ́ lójú mi, n ò sì wá nǹkan nù ún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà torí pé wọn ò parí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Ìyá Uswat, Ọlọ́run ṣeun tí o ò parí ẹ̀."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn ni, nípa sùúrù àti bí ìwé ṣe ń gbéni ga, irú èyí tí mo máa ń sọ fún wọn. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní Màdáàmù Adéìfẹ́ kì í pẹ́ lọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀, òun fẹ́ bá a kó tó kúrò. Kò dúró kí n ní kó máa lọ.